Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Àyẹ̀wò Ìjà Lórí Orúkọ ‘.eco’

1. Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ìwé ìbéèrè tí ilé-iṣẹ́ Big Room, tí ó wà ní ìlú Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà, fi ránṣẹ́ sí àjọ ICANN ní ọdún 2012, nínú èyí tí ó ti béèrè pé kí a fi àkóso orúkọ ‘.eco’ lé òun lọ́wọ́. ICANN ni àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní ọdún 1998 láti máa ṣe kòkáárí ètò orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní ọ̀rọ̀ kan tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn àmì ìdánudúró. Bí àpẹẹrẹ, ‘.com’ wọ́pọ̀ láàrin àwọn oníṣòwò, ‘.ng’ sì jẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tí a bá fi irú ọ̀rọ̀ ìparí bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ ni yóò máa sọ ẹni tí ó lè lò ó, iye tí yóò san, àti òfin tí yóò máa tẹ̀ lé.

Lójú ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan, tí kò kan ẹ̀ka ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìjà orúkọ ni. Ènìyàn mẹ́rin fẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ ìwé láti sọ ìdí tí ó fi tọ́ sí òun. Adájọ́ ka àwọn ìwé náà, ó sì dá ẹjọ́. Ibi tí orúkọ, ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rí bá ti pàdé, onímọ̀ Yorùbá ní ohun tí yóò sọ níbẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ nípa orúkọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìmọ̀ tí àwọn baba ńlá wa gbé kalẹ̀ tí ó jinlẹ̀ jù lọ.

Kókó tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Òun ni pé láàrin àwọn tí ó du orúkọ ‘.eco’, Big Room ni ó sún mọ́ ìlànà Yorùbá jù, nítorí pé òun nìkan ni ó gbà pé ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Síbẹ̀, nígbà tí ó wo ilé náà, àwọn tí ó ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ nìkan ni ó kà mọ́ ará ilé. Ojú tí a ó sì fi wo ọ̀rọ̀ náà ni ojú àwọn ará Ìlú-Abo, Àkúrẹ́ àti Oǹdó, níbi tí igbó àti oko ti jẹ́ orísun oúnjẹ àti owó, tí àwọn aláṣẹ sì ti fún igbó ní orúkọ tuntun rí kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé.

2. Orúkọ àti ẹ̀rí ní ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn onímọ̀ ti pín orúkọ Yorùbá sí ọ̀nà púpọ̀: orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, oríkì, àti ìnagijẹ. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé orúkọ kò ṣàdédé wáyé. Bí a bá pe ọmọ ní Ìgè, ẹsẹ̀ ni ó mú wáyé. Bí a bá pè é ní Abíọ́nà, ojú ọ̀nà ni a bí i sí. Bí a bá pè é ní Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ ni ilé rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ti ṣẹlẹ̀, tàbí ilé kan ti wà, kí orúkọ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni pé orúkọ máa ń ní ẹlẹ́rìí. Ní ọjọ́ kẹjọ, mọ̀lẹ́bí yóò péjọ. A ó gbé omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti atare kalẹ̀. Baba yóò fún ọmọ ní orúkọ, ìyá àgbà yóò fún un ní tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yóò sọ owó sínú omi, wọn yóò sì dárúkọ tí wọn fẹ́. Ọmọ kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ ní orúkọ mẹ́wàá, kò sì sí ẹnìkan nínú àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ tí ó lè sọ pé òun nìkan ni òun ni ọmọ náà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni pé orúkọ máa ń gbé ẹrù ka orí ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Èyí ni àwọn àgbà rò tí wọ́n fi sọ pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Bí ọmọ tí a sọ ní Akínkúnmi bá ń sá fún ìjà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Orúkọ ìlú pàápàá ń tẹ̀ lé ìlànà yìí. Ìtàn ẹnu sọ pé àkún ọrùn ọmọ ọba, Ọmọrẹ̀milẹ́kún Aṣọdẹbóyèdé, ni ó já sílẹ̀ ní ibi tí ó dé, tí a fi ń pe ibẹ̀ ní ‘Àkún rẹ́’, tí ó wá di Àkúrẹ́. Ti Oǹdó, ìtàn sọ pé Púpùpú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi igi iṣu gún ilẹ̀ bí wọn ti ń lọ, títí wọ́n fi dé ibi tí igi náà ti kọ̀ tí kò wọlẹ̀. Wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni kí àwọn tẹ̀dó sí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì sọ ní ọjọ́ náà ni ó di orúkọ ìlú. Àwọn òpìtàn lè máa jiyàn lórí àwọn ìtàn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ yìí ni irú ẹ̀rí tí wọ́n gbé kalẹ̀. Nínú ìtàn méjèèjì, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ogunlọ́gọ̀ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n rí i.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a lè fi wọn orúkọ: ilé tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó bí i, ẹlẹ́rìí tí ó wà níbẹ̀, àti ẹrù tí ó gbé ka ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Òṣùwọ̀n yìí ni a ó lò fún ‘.eco’.

3. Bí ìjà náà ṣe lọ

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Ernst Haeckel, ni ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ‘eco’ ti jáde wá ní ọdún 1866, láti fi sọ ìmọ̀ nípa bí àwọn ohun abẹ̀mí ṣe ń bá ara wọn àti ibùgbé wọn gbé pọ̀. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì ‘oikos’ ni ó ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ilé. Lónìí, ‘àyíká’ ni Yorùbá ń lò fún un nínú ìwé àti lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ó fi ènìyàn sí àárín, ó sì fi gbogbo nǹkan yòókù yí i ká. ‘Oikos’ fi ènìyàn sínú ilé pẹ̀lú àwọn ará ilé mìíràn. Ìrònú yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pé ‘ilé ayé’ ni a ń pe ibi tí gbogbo wa ń gbé. Ẹni tí ó béèrè fún ‘.eco’, orúkọ ilé tí kò sí ẹni tí kò gbé inú rẹ̀ ni ó béèrè fún.

Kí ICANN tó ṣílẹ̀kùn fún ìwé ìbéèrè ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Dot Eco kéde pé òun fẹ́ orúkọ náà, Al Gore tí ó ti ṣe igbákejì ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Big Room náà fẹ́ ẹ, Green Cross, ẹgbẹ́ tí Mikhail Gorbachev dá sílẹ̀, sì tì í lẹ́yìn. Àwọn oníwèé ìròyìn fi í ṣe eré ìjàkadì láàrin ènìyàn ńlá méjì. Ṣùgbọ́n ọlá ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ẹni kò lè dípò ẹ̀tọ́ sí orúkọ.

Ní ọdún 2012, ICANN gba ìwé ìbéèrè 1,930 fún oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ìparí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 185 dọ́là ni owó tí ó bá ìwé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan rìn. Àwọn mẹ́rin ni ó béèrè fún ‘.eco’: Big Room, planet.ECO, Little Birch, tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Donuts, àti Top Level Domain Holdings, tí ó ni Minds + Machines. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Big Room nìkan ni ó sọ pé àwùjọ kan ni òun ń béèrè fún un lórúkọ wọn.

Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ní ìlànà ICANN ti ọdún 2012, bí àwọn tí ó fẹ́ orúkọ kan bá pọ̀, tí wọn kò sì rí ọ̀rọ̀ náà yanjú láàrin ara wọn, a ó gbé orúkọ náà sí ọjà gbàǹjo. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá béèrè ní orúkọ àwùjọ, ó lè sọ pé kí a dán òun wò. Máàkì 16 ni ìdánwò náà ní. Ẹni tí ó bá gba 14 ti yege, àwọn yòókù yóò sì kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn adánniwò láti ọ̀dọ̀ Economist Intelligence Unit ni ó yẹ ìwé Big Room wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, wọ́n fún un ní máàkì 14 gééré.

Méjì nínú àwọn olùdíje kò gbà. Wọ́n gbé ICANN lọ síwájú ìgbìmọ̀ olùdájọ́ tí kò sí lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2016, ìgbìmọ̀ náà dá ICANN láre. A fi orúkọ náà lé Big Room lọ́wọ́ ní ọdún 2016, ó sì di ohun tí gbogbo ènìyàn lè rà ní oṣù kẹrin ọdún 2017.

4. Ìwé ìbéèrè náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìdílé

Bí a bá fi ojú alámèyítọ́ lítíréṣọ̀ wo ìwé Big Room, a ó rí i pé ó fi ara jọ ìtàn ìdílé. Ẹni tí ó ń du oyè máa ń ka àwọn baba rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti fi hàn pé inú ilé tí oyè náà tọ́ sí ni òun ti wá. Big Room náà ka tirẹ̀: ẹgbẹ́ tí ó ju 50 lọ tí ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àyíká kárí ayé ni ó dúró tì í. Àwọn tí ó bá a díje kò ka ìdílé kankan. Lójú wọn, orúkọ náà kò yàtọ̀ sí ọjà lórí àtẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láàrin ẹni tí ó ka ìdílé àti ẹni tí ó ka owó, ìlànà Yorùbá yóò gbè lẹ́yìn ẹni tí ó ka ìdílé. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ìtumọ̀ ‘ìdílé’ nínú ìwé náà? Ibi yìí ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀ kà. Ìwé náà sọ pé ohun tí ó ya àwọn ọmọ àwùjọ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ni pé wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí a mọ̀, tàbí pé wọ́n ní ìwé àṣẹ, ìforúkọsílẹ̀ tàbí ìwé-ẹ̀rí tí ó fi hàn pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí ó dáàbò bo àyíká, tí wọ́n sì ń jábọ̀ rẹ̀. Lábẹ́ ìtumọ̀ yìí, ẹgbẹ́ aláàbò àyíká wọlé, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò tí ó ní ìwé-ẹ̀rí wọlé, ọ̀mọ̀wé àti ẹ̀ka ìjọba sì wọlé.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ báyìí. Ìdánwò náà béèrè àwùjọ tí ó ní ààlà, tí a lè ka àwọn ọmọ rẹ̀. Bí Big Room bá sọ pé gbogbo ènìyàn tí ń mí ni ọmọ ilé, adánniwò yóò sọ pé kò sí àwùjọ níbẹ̀ rárá. A kò lè dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi pé ó dáhùn ìbéèrè tí a bi í. Ṣùgbọ́n èsì tí ó bá ìdánwò mu lè má bá òtítọ́ mu tán. Ààlà tí ìwé náà pa gba àárín àwọn tí ó mọ ilẹ̀ kọjá: ó fi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó sì ní ìwé, sínú ilé, ó fi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí kò ní ìwé, síta.

5. Láti Ìlú-Abo wò ó

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbẹ̀ kan ní Ìlú-Abo ní àpẹẹrẹ. Ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹgàn tí àdá kò tíì kàn, ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi, ọ̀dàn, àti àkùrọ̀ tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó mọ ìgbà tí ilẹ̀ ti ṣá, ó sì mọ iye ọdún tí yóò fi sílẹ̀ kí ó tó padà síbẹ̀. Ó mọ igi tí a kì í gé nítorí pé ìbòòji rẹ̀ wúlò fún kòkó. Ọdẹ tí ó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ mọ ibi tí omi ti ń sun, ó sì mọ ẹran tí a kì í pa nígbà tí ó bá lóyún. Kì í ṣe lásán ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, fi ọdẹ ṣe akọni ìwé ìtàn àròsọ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ní àwùjọ tí ó ti jáde wá, ọdẹ ni ọ̀rọ̀ igbó ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, àgbẹ̀ yìí àti ọdẹ yìí kò ní ìwé-ẹ̀rí, wọn kò sì fi àbọ̀ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé ‘.eco’, wọn kì í ṣe ará ilé.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè yìí rí. Ní ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ààlà yí igbó ńláńlá ká, tí wọ́n ń pè wọ́n ní igbó ìjọba. Igbó ìjọba Àkúrẹ́, ti Ìdànrè àti ti Olúwa wà lára èyí tí a mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kì í ṣe pé ìpinnu náà kò ní àǹfààní. Láìsí i, ó ṣeé ṣe kí àwọn agégẹdú ti run gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn orúkọ tí ó bá a wá. Nínú igbó ìjọba Àkúrẹ́, apá kan wà tí a fi òfin dáàbò bò pátápátá, tí àwọn onímọ̀ igbó ń ṣe ìwádìí nínú rẹ̀. ‘Queen’s Plot’ ni orúkọ tí ó ń jẹ́ lẹ́nu wọn àti nínú ìwé wọn. Ọbabìnrin kan ní òkè òkun ni ó wá ń jẹ́ olórúkọ igbó tí àwọn ọdẹ Àkúrẹ́ ti ń wọ̀ láti ayébáyé.

Àpẹẹrẹ kejì ni ètò tí ìjọba fi ń gba àgbẹ̀ láàyè láti gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sáàárín igi gmelina tàbí igi tíìkì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nínú igbó ìjọba. Lẹ́yìn ọdún bíi méjì tàbí mẹ́ta, ìbòòji igi yóò pọ̀ jù fún oúnjẹ, àgbẹ̀ yóò sì kúrò. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni oúnjẹ tí ó kórè. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún ìjọba ni oko igi tí ó ti bá wọn ro. ‘Taungya’ ni a ń pe ètò yìí, ọ̀rọ̀ èdè àwọn ará Bọ́mà ni. Ọwọ́ Yorùbá ni ó ṣe iṣẹ́ náà, igi ilẹ̀ Éṣíà ni ó hù, orúkọ Bọ́mà ni a fi pè é nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan bá ka ìwé lórí igbó náà lónìí, yóò pàdé ọ̀rọ̀ náà lójú ewé púpọ̀ kí ó tó pàdé orúkọ tí àgbẹ̀ kankan fún ilẹ̀ tí ó ro.

Kì í ṣe pé Big Room ṣe ohun tí àwọn amúnisìn ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà kò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó jọra ni ìlànà: ẹni tí ó ní ìwé ni ó ń fún ohun tí gbogbo ènìyàn ní ní orúkọ, ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ kò sì wọ inú àkọsílẹ̀.

6. Ẹ̀jẹ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí

Ẹrù tí orúkọ náà gbé ka orí ẹni tí ó rà á ni ó kù kí a wò. Apá yìí ni Big Room ti yàtọ̀ jù sí àwọn tí ó bá a díje. Nígbà tí ‘.eco’ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017, ẹni tí ó bá rà á ní láti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun yóò máa ṣe ohun tí ó dára fún àyíká, àyè sì wà fún un láti kọ ohun tí ó ń ṣe sí ojú ewé kan tí gbogbo ayé lè kà. Nínú ọ̀pọ̀ orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó nìkan ni a ń béèrè. Big Room béèrè ọ̀rọ̀ mọ́ owó, ó sì yẹ kí a yìn ín fún èyí.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà? Ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà ni ó tún ń ròyìn ara rẹ̀. Nínú lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, oríkì ni irú ọ̀rọ̀ báyìí fi ara jọ, nítorí pé iṣẹ́ rere ẹni nìkan ni ó sábà máa ń kà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó máa ń ki ènìyàn. Akéwì tí ó mọ ilé náà ni ó ń kì í, ó sì lè fi ẹ̀gàn bọ ìyìn bí ó bá wù ú. Ẹni tí ó bá dá ara rẹ̀ kì ní ojú agbo, àwọn ènìyàn yóò máa wojú ara wọn.

Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ ẹ̀jẹ́ tí ó le, ìmùlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Orúkọ náà sọ ara rẹ̀: ilẹ̀ ni a mu, ilẹ̀ ni a fi ṣe ẹlẹ́rìí, ẹni tí ó bá da ilẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ́ ‘.eco’ jẹ́ ìmùlẹ̀ tí a gbé ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. A jẹ́ ẹ̀jẹ́ nítorí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sí níbẹ̀, àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ tí iṣẹ́ oníṣòwò náà kàn kò sì sí níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ agégẹdú kan bá ra orúkọ náà, tí ó sì kọ ọ́ pé òun ń gbin igi, àgbẹ̀ tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Ẹnìkan lè sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Vancouver kò lè máa wọ igbó Àkúrẹ́ lọ wo ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń ṣe, àti pé ìròyìn tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sàn ju kí ó dákẹ́ lọ. Òtítọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí a bá ti kọ sí gbangba, a lè fi mú ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó lè mú un, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ lè kà á, kí wọ́n sì ní ibi tí wọn yóò gbé èsì wọn sí, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Àìsí àyè yìí ni àléébù tí iṣẹ́ yìí rí nínú ètò náà.

7. Àfiwé

Orúkọ mẹ́ta mìíràn yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa sí i. Èkíní ni ‘.green’, tí ó bá ‘.eco’ tan nípa ìtumọ̀. Ilé-iṣẹ́ DotGreen, tí ó ti ń polongo fún un fún ọdún mélòó kan, yọ ọwọ́ nínú ìdíje ní ọdún 2013, orúkọ náà sì bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Afilias tí iṣẹ́ títa orúkọ jẹ́ òwò rẹ̀. Èyí fi hàn pé bí a kò bá wo ilé, owó ni yóò sọ ọmọ lórúkọ.

Èkejì ni ‘.africa’. Àwọn méjì ni ó dù ú: DotConnectAfrica, àti ilé-iṣẹ́ ZACR ti Gúúsù Áfíríkà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí. Nítorí pé orúkọ ilẹ̀ ni, ìlànà béèrè pé kí ìjọba tí ó pọ̀ ní Áfíríkà wà lẹ́yìn ẹni tí yóò gbà á. Ìgbìmọ̀ olùdájọ́ dá DotConnectAfrica láre lórí àwọn ohun kan ní ọdún 2015, ẹjọ́ tún dé kóòtù ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ZACR ni orúkọ náà bọ́ sí lọ́wọ́ ní ọdún 2017. Níbí, àwọn ìjọba ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀kẹta ni ‘.amazon’. Ilé-iṣẹ́ ìtajà Amazon béèrè fún un. Àwọn orílẹ̀-èdè tí odò àti igbó Amazon wà ní ilẹ̀ wọn sọ pé orúkọ ilẹ̀ àwọn ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ní ọdún 2019 ICANN fàyè gba ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn tí ń gbé inú igbó náà ń wo àwọn ìjọba àti oníṣòwò bí wọ́n ti ń jà lé orúkọ rẹ̀ lórí.

Bí a bá fi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ‘.eco’ ni ó sún mọ́ ìlànà jù. Ìwádìí nípa ìdílé wà níbẹ̀, ẹrù wà lórí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ. Ẹlẹ́rìí ni kò pé.

8. Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná tí ó ti tán. ICANN ti kéde ọdún 2026 gẹ́gẹ́ bí ọdún tí yóò tún gba ìwé ìbéèrè tuntun, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 227 dọ́là ni ó sì dá lé ìwé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tí ó ní kí ilé-iṣẹ́ kan má béèrè fún ‘igbo’ tàbí ‘ile’ lọ́jọ́ kan, bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn ún gbọ́ létí. Ìlànà fi àyè sílẹ̀ fún àwùjọ tí ọ̀rọ̀ kàn láti takò ó, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fi ẹ̀rí hàn pé àwọn jẹ́ àwùjọ, àti pé orúkọ náà jẹ́ tiwọn.

Irú ẹ̀rí wo ni Yorùbá yóò gbé lọ? Orúkọ igbó, orúkọ odò, ààlà tí àwọn ọdẹ mọ̀ sórí, oríkì ibùdó kọ̀ọ̀kan láti Ìlú-Abo dé Oǹdó: ẹnu àwọn àgbà ni púpọ̀ nínú wọn ṣì wà, àwọn àgbà sì ń lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ka igi inú igbó Àkúrẹ́, wọ́n sì ti kọ orúkọ wọn ní èdè Látìn. Iṣẹ́ tí ó kù fún ẹ̀ka ìmọ̀ bí irú tiwa ni láti kọ orúkọ tí àwọn tí ń gbé ẹ̀bá igbó náà ń pè é, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ó jẹ́rìí sí i. A kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí àjèjì bá béèrè fún orúkọ ilé kí a tó máa wá ẹni tí yóò ka ìtàn ilé náà fún wa.